JWt: Àkójọ Irinṣẹ́ Tí Ń Rántí Fún Wẹ́ẹ̀bù Onígbàgbé

Oríṣi ojú-ewé méjì ni ó wà lórí wẹ́ẹ̀bù. Èkíní dà bí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri: ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ a kà á, a sì bá tirẹ̀ lọ, ìwé náà kò bi í ní ohunkóhun, kò sì dá a lóhùn. Èkejì dà bí akọ̀wé tí ó jókòó sí ẹ̀yìn tábìlì: a bi í léèrè, ó dáhùn, a sọ orúkọ fún un, ó kọ ọ́ sílẹ̀, a ṣe àṣìṣe, ó pe àkíyèsí wa sí i. Ojú-ewé tí a fi ń fi owó ránṣẹ́, èyí tí a fi ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, àti èyí tí a fi ń ra ọjà, irú kejì yìí ni gbogbo wọn. Ohun tí ó pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé a kò dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ kejì yìí rárá. Akọ̀wé tí a rò pé ó jókòó sí ẹ̀yìn tábìlì yẹn, onígbàgbé pátápátá ni. Bí a ti wá ọ̀nà láti fún onígbàgbé yìí ní iyè, àti ohun tí iyè náà ń náni, ni àlàyé yìí dá lé lórí. Àkójọ irinṣẹ́ kan tí a ń pè ní JWt ni yóò jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀.

Ní ọdún 1989, Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí ìjìnlẹ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó wà lẹ́bàá ìlú Geneva ní ilẹ̀ Switzerland, dá àbá kan. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń bá ilé ìwádìí náà ṣiṣẹ́ pọ̀ jọjọ, wọ́n sì wà káàkiri ayé. Ó fẹ́ kí olúkúlùkù wọn lè máa ka àkọsílẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà láìsí wàhálà. Inú àbá yìí ni wẹ́ẹ̀bù ti jáde. Kíkà ni a ṣe é fún. Ìdí nìyí tí ètò rẹ̀ fi rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ méjì péré ni ó ní. Ẹ̀gbẹ́ kìíní ni aṣàwákiri, èyí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ẹni tí ń kàwé, tí ó sì ń ṣí ojú-ewé fún un. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni sáfà, kọ̀ǹpútà tí a kó àwọn ojú-ewé pamọ́ sí. Aṣàwákiri a béèrè, sáfà a fi ojú-ewé ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀.

Bí sáfà bá ti dáhùn tán, ó ti gbàgbé ẹni tí ó bi í. Bí ẹni kan náà bá padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, àlejò tuntun ni lójú rẹ̀. Ìgbàgbé yìí kì í ṣe àbùkù fún iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀; àǹfààní ni, nítorí sáfà tí kò ru ẹrù ìrántí lè dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lóhùn láìwúwo. Ṣùgbọ́n bí a bá wo akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, a ó rí ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Lójú-ewé kìíní, ó kọ orúkọ rẹ̀. Lójú-ewé kejì, ó yan àwọn ẹ̀kọ́ tí yóò ṣe. Lójú-ewé kẹta, ó fẹ́ san owó. Bí sáfà bá ti gbàgbé ojú-ewé kìíní kí ó tó dé ìkẹta, orúkọ ta ni yóò kọ owó náà sí?

Ọgbọ́n tí a kọ́kọ́ dá sí i kò yàtọ̀ sí ti ilé ìfowópamọ́ ayé àtijọ́. Akọ̀wé ilé ìfowópamọ́ kò lè mọ ojú gbogbo ẹni tí ó wá gba owó. Nítorí náà ni ó fi ń fún olúkúlùkù ní tálì tí a kọ nọ́ńbà sí, tí yóò sì pe nọ́ńbà náà nígbà tí owó bá délẹ̀. Ní ọdún 1994, Lou Montulli, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà, ṣe irú tálì bẹ́ẹ̀ fún wẹ́ẹ̀bù. Kúkì ni a ń pè é. Sáfà a fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí aṣàwákiri. Aṣàwákiri a sì máa fi nọ́ńbà náà hàn ní gbogbo ìgbà tí ó bá padà wá. Báyìí ni sáfà fi ń mọ̀ pé ẹni ìṣáájú ni ẹni tí ó tún dé yìí. Ṣùgbọ́n tálì kì í ṣe owó. Nọ́ńbà lásán ni. Ohun tí nọ́ńbà náà dúró fún, ibi tí a tọ́jú rẹ̀ sí, àti bí a ó ti rí i mú jáde lásìkò, ọrùn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ń kọ́ ojú-ewé náà ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ẹrù mìíràn tún wà lórí èyí. Ẹni tí yóò kọ́ ojú-ewé tí ń dáni lóhùn ní láti gbọ́ èdè púpọ̀. HTML ni a fi ń to òpó àti àjà ojú-ewé. CSS ni a fi ń kùn ún ní ọ̀dà. JavaScript, tí Brendan Eich ṣe ní Netscape ní ọdún 1995, ni a fi ń mú kí ó máa mira nínú aṣàwákiri. Èdè mìíràn pátápátá ni ó sì lè jẹ́ ti inú sáfà. Nígbà tí ó di ọdún 2005, Jesse James Garrett fún ọgbọ́n kan tí ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní orúkọ, ó pè é ní Ajax. Nípa ọgbọ́n yìí, aṣàwákiri lè máa bá sáfà sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, kí ó sì tún apá kan ojú-ewé ṣe, láìjẹ́ pé gbogbo ojú-ewé náà pòórá kí ó tó tún padà wá. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó fi kún iṣẹ́. Oníṣẹ́ kan ṣoṣo di bíríkìlà, ó di káfíńtà, ó di péńtà, ó sì tún di ìránṣẹ́ tí ń sáré láàárín wọn; ọ̀kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ wọ̀nyí sì ní èdè tirẹ̀. Ibi tí èdè kan ti pàdé èkejì ni àṣìṣe ti máa ń wọlé.

Lára àwọn èdè tí a ń lò nínú sáfà, Java jẹ́ ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn. James Gosling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ọdún 1991. Orúkọ igi kan, Oak, ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́; ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi í han ayé ní ọdún 1995, orúkọ rẹ̀ ti di Java. Ilé-iṣẹ́ Oracle ra Sun Microsystems ní ọdún 2010, Java sì bọ́ sí ọwọ́ wọn. Ìwà rere tí a mọ̀ mọ́ èdè yìí ni pé ohun tí a bá fi kọ lẹ́ẹ̀kan lè ṣiṣẹ́ lórí oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà, bí ògbufọ̀ Java bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a máa ń fi àwọn ètò kéékèèké tí a fi Java kọ ránṣẹ́ láti lọ ṣiṣẹ́ nínú aṣàwákiri gan-an. Ọ̀nà yẹn ti di ìgbàgbé. Nígbà tí Java kọkànlá jáde ní ọdún 2018, a ti yọ ohun èlò rẹ̀ kúrò. Inú sáfà ni Java ti wá ta gbòǹgbò. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ọmọ ìyá ni Java àti JavaScript; orúkọ ni ó jọra, èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ilé-iṣẹ́ Emweb, tí ó wà ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ni ó ṣe JWt. Kí ó tó ṣe é, ó ti kọ́kọ́ ṣe Wt, tí a fi èdè C++ kọ. Koen Deforche ni ẹni tí a mọ̀ mọ́ ìpilẹ̀ṣẹ̀ iṣẹ́ náà. Àkíyèsí tí ó bí Wt rọrùn láti lóye. Ó ti pẹ́ tí àwọn tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì ti ní àkójọ irinṣẹ́ tí ó mú iṣẹ́ wọn yá. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ bọ́tìnì, kò ní bẹ̀rẹ̀ sí ya ìlà àti àwọ̀. Yóò mú bọ́tìnì tí a ti ṣe tán, yóò gbé e sí ààyè rẹ̀, yóò sì sọ ohun tí ó gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè tí ó wá dìde ni pé, kí ni ó dé tí a kò fi lè kọ́ ojú-ewé wẹ́ẹ̀bù bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́? Wt ni ìdáhùn fún àwọn tí ń sọ èdè C++. JWt sì ni ìdáhùn kan náà fún àwọn tí ń sọ èdè Java. Ètò kan tí ń ṣe ògbufọ̀ ni a fi ń yí èyí tí ó pọ̀ jù nínú Wt padà sí Java, tí ó fi jẹ́ pé àtúnṣe tí a bá ṣe sí ẹ̀gbọ́n a máa dé ọ̀dọ̀ àbúrò. Ẹnikẹ́ni ni ó lè gba JWt kí ó sì wo inú rẹ̀, lábẹ́ àdéhùn ìwé àṣẹ GPL, èyí tí ó sọ pé ẹni tí ó bá fi kọ́ nǹkan tí ó sì pín in fún ayé kò gbọdọ̀ fi inú tirẹ̀ pamọ́. Ẹni tí àdéhùn yìí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè fi owó ra ìwé àṣẹ mìíràn.

Wíjẹ́ẹ̀tì ni orúkọ tí a ń pe ohun kọ̀ọ̀kan tí a fi kọ́ ojú-ewé ní ọ̀nà yìí. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sójú-ewé, wíjẹ́ẹ̀tì ni. Àpótí tí a ń kọ nǹkan sí, wíjẹ́ẹ̀tì ni. Bọ́tìnì, àtẹ àti àwòrán, wíjẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wọn. Nínú JWt, lẹ́tà W ni ó ṣáájú orúkọ wọn: WText ni ọ̀rọ̀, WLineEdit ni àpótí ìkọ̀wé, WPushButton ni bọ́tìnì, WTable ni àtẹ. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni WContainerWidget, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó gba àwọn mìíràn sínú lọ. Ó dà bí agbo ilé: nínú agbo ilé ni ilé wà, nínú ilé ni yàrá wà, nínú yàrá ni ẹní àti àpótí wà. Bí a bá wó ilé, gbogbo yàrá inú rẹ̀ lọ. Bí a bá bo yàrá, gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni a bò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn wíjẹ́ẹ̀tì ṣe so mọ́ ara wọn bí ẹ̀ka igi, títí tí gbogbo wọn fi dé ìdí gbòǹgbò kan ṣoṣo. WApplication ni orúkọ ohun tí ó ni gbòǹgbò náà, òun ni a sì lè pè ní baálé.

Àpẹẹrẹ kékeré kan yóò mú ọ̀rọ̀ yìí ṣe kedere. Ká ní a fẹ́ ojú-ewé kan tí yóò béèrè orúkọ àlejò, tí yóò sì kí i. Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà yóò kọ́kọ́ mú WText kan, yóò kọ ìbéèrè sí i. Yóò mú WLineEdit kan tí àlejò yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí. Yóò mú WPushButton kan, yóò kọ «Kí mi» sí i lára. Yóò tún mú WText kejì tí kò tíì ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Yóò gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú gbòǹgbò. Ohun tí ó kù ni kí ó yan olùgbọ́ kan ti bọ́tìnì náà, kí ó sì fún un ní àṣẹ pé: nígbàkúùgbà tí a bá tẹ̀ ọ́, lọ wo ohun tí ó wà nínú àpótí ìkọ̀wé, kí o sì kọ ọ̀rọ̀ ìkíni pẹ̀lú orúkọ náà sínú WText kejì. Iṣẹ́ parí. Èdè Java nìkan ni ó fi ṣe é. Kò kọ HTML kan, kò kọ JavaScript kan, kò sì ronú nípa tálì rárá.

Ṣùgbọ́n bí oníṣẹ́ kò tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí, ẹnìkan ń ṣe é. JWt ni. Nígbà tí àlejò kọ́kọ́ dé, JWt fún un ní tálì, ó sì dá igi wíjẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ sílẹ̀ fún un nínú sáfà. Ó wo igi náà, ó fi HTML àti JavaScript ya àwòrán rẹ̀, ó sì fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí aṣàwákiri. Ohun tí àlejò ń wò kì í ṣe igi gan-an. Òjìji rẹ̀ ni. Nígbà tí àlejò bá tẹ bọ́tìnì, òjìji náà a rán àmì lọ sí sáfà pé a ti tẹ mi o, èyí sì ni orúkọ tí a kọ sínú àpótí. JWt a wo tálì, a mọ igi tí ó ni í, a sì jí olùgbọ́ bọ́tìnì náà. Olùgbọ́ a ṣe iṣẹ́ tí a rán an, WText kejì a sì yí padà. Níbi yìí ni JWt ti ń fi ọgbọ́n hàn: kì í tún gbogbo ojú-ewé fi ránṣẹ́, àyípadà nìkan ni ó ń fi ránṣẹ́. Aṣàwákiri a gba àyípadà náà, a fi tún òjìji ṣe, àlejò a sì rí ìkíni rẹ̀ kí ó tó ṣẹ́jú.

Báyìí ni a ṣe fún onígbàgbé ní iyè. Ní ìwọ̀n ìgbà tí àlejò bá ṣì wà níbẹ̀, igi rẹ̀ wà láàyè nínú sáfà pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó ti kọ àti ohun tí ó ti yàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò lè lọ láti ojú-ewé kìíní dé ìkẹta, orúkọ rẹ̀ yóò ṣì wà ní ibi tí ó fi í sí. Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò ní láti máa kó ẹrù sínú àká ní ìrọ̀lẹ́ kí ó tún máa kó o jáde ní òwúrọ̀.

Àǹfààní kejì jẹ́ ti ààbò, ó sì yẹ kí a fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ. Aṣàwákiri wà lọ́wọ́ àlejò, a kò sì mọ irú ẹni tí àlejò jẹ́. Ohunkóhun tí a bá fi ránṣẹ́ sí i, ẹni tí ó bá gbọ́n lè tú u wò, ó sì lè yí i padà kí ó tó dá a padà. Bí oníṣẹ́ kan bá kọ iye owó ọjà sínú ojú-ewé, tí ó sì gba iye tí aṣàwákiri bá dá padà gbọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnìkan yóò fi ọgọ́rùn-ún náírà ra ohun tí a ń tà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Nínú JWt, ibi tí a ti ń ṣírò, ibi tí a ti ń pinnu, àti ibi tí iye owó wà, inú sáfà ni gbogbo rẹ̀. Òjìji nìkan ni ó jáde sí ìta. Bákan náà, àwọn ẹni ibi kan wà tí wọ́n máa ń kọ JavaScript sínú àpótí tí a ní kí wọ́n kọ orúkọ sí, kí ó lè lọ ṣiṣẹ́ nínú aṣàwákiri ẹlòmíràn kí ó sì jí tálì rẹ̀. JWt a máa sẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bí a ti ń sẹ́ ògì, kí ó tó jẹ́ kí WText gbé e jáde. Síbẹ̀, kò lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni ọjọ́ ìbí tí àlejò kọ. Iṣẹ́ àyẹ̀wò yẹn kò kúrò lọ́rùn oníṣẹ́.

JWt tún ń ro ti ẹni tí ohun èlò rẹ̀ kò tó ti ẹlòmíràn. Bí aṣàwákiri kan kò bá lè lo JavaScript, JWt a fi HTML lásán bá a sọ̀rọ̀. Ojú-ewé yóò máa tún ara rẹ̀ gbé wá lódindi, kò ní yá tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n yóò ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán ìṣirò: ọ̀nà tí aṣàwákiri bá gbọ́ ni yóò fi yà á fún un. Oníṣẹ́ kò kọ ọ̀nà méjì. Igi kan náà ni ó kọ.

Bí a bá dá ọ̀rọ̀ dúró síbí, ènìyàn yóò rò pé JWt kò ní àléébù. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí iyè tí kì í gba ààyè. A ti rí i pé sáfà onígbàgbé lè dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún lóhùn nítorí pé kò ru ẹrù ẹnikẹ́ni. Sáfà tí ń lo JWt ń ru ẹrù gbogbo ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀. Ká ní igi àlejò kan gba mẹ́gábáìtì kan. Àlejò mẹ́wàá yóò gba mẹ́gábáìtì mẹ́wàá, èyí kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n 1,000 àlejò lẹ́ẹ̀kan náà yóò gba bíi gígábáìtì kan, 100,000 àlejò yóò sì gba bí 100 gígábáìtì. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Oníṣẹ́ tí kò bá ṣe ìṣirò yìí ṣáájú, ọjọ́ tí èrò bá pọ̀ ni sáfà rẹ̀ yóò dùbúlẹ̀, ọjọ́ tí èrò bá pọ̀ sì ni ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ jù lọ. Nítorí ìdí yìí ni JWt fi ń dẹtí sí aṣàwákiri: bí aṣàwákiri bá dákẹ́ kọjá àkókò tí a fi lélẹ̀, JWt gbà pé àlejò ti lọ, a gé igi rẹ̀, a sì gba ààyè rẹ̀ padà.

Ìṣòro kejì ni ti ọ̀nà jíjìn. Bí sáfà bá wà ní ìlú Brussels, tí àlejò sì wà ní Èkó, títẹ̀ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ní láti rin ìrìn-àjò lọ kí ìdáhùn tó rin ìrìn-àjò bọ̀. Nígbà tí ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì bá dán, a kò ní mọ̀. Nígbà tí kò bá dán, bọ́tìnì yóò dà bí ẹni tí a pè tí kò jẹ́. Ọlọ́gbọ́n oníṣẹ́ kì í rán gbogbo nǹkan lọ sí sáfà. Ohun kéékèèké tí kò ní ìpinnu nínú, bíi kí a bo nǹkan tàbí kí a ṣí i, JWt gbà kí a fi JavaScript ṣe é nínú aṣàwákiri níbẹ̀.

Ìkẹta ni pé iyè tí ó wà nínú sáfà lè ṣègbé. Bí iná bá lọ tí sáfà sì kú, gbogbo igi inú rẹ̀ bá a lọ. Nítorí náà, ohun tí kò gbọdọ̀ sọnù, bí owó tí a ti san tàbí orúkọ tí a ti fi sílẹ̀, kò yẹ kí ó sùn sórí igi. Inú dátábéèsì ni ó yẹ kí a tọ́jú rẹ̀ sí lójú ẹsẹ̀. Bákan náà, bí iṣẹ́ bá pọ̀ tí a fi ní sáfà mẹ́ta, a gbọ́dọ̀ ṣètò kí olúkúlùkù àlejò máa padà sí ọ̀dọ̀ sáfà tí igi rẹ̀ wà. Bí ó bá yà sí òmíràn, a ó bi í pé ta ni.

JWt nìkan kọ́ ni ó ń rin ọ̀nà yìí. Vaadin, tí ó ti ìlú Turku ní ilẹ̀ Fínlándì wá, náà ń jẹ́ kí a fi Java kọ́ ojú-ewé pẹ̀lú wíjẹ́ẹ̀tì, ó sì ń tọ́jú igi sínú sáfà. Ilé-iṣẹ́ Google gba ọ̀nà mìíràn ní ọdún 2006 nígbà tí ó gbé Google Web Toolkit jáde. Ní ti ìyẹn, Java náà ni oníṣẹ́ ń kọ, ṣùgbọ́n a ń yí i padà sí JavaScript, a sì ń fi ránṣẹ́ láti lọ gbé inú aṣàwákiri. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹrù kúrò lọ́rùn sáfà, ó bọ́ sọ́rùn àlejò. Bọ́tìnì ń dáhùn kíákíá, ṣùgbọ́n ohun tí a fi ránṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ àlejò, a kò sì lè fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́. Ọ̀nà méjèèjì ní ohun tí wọ́n fúnni, wọ́n sì ní ohun tí wọ́n gbà.

Nígbà tí a bá ti mọ èyí, a ó mọ ibi tí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yẹ. Ilé-iṣẹ́ tí ó fẹ́ ojú-ewé tí igba òṣìṣẹ́ rẹ̀ yóò máa lò ní ojoojúmọ́ fún àkọsílẹ̀ tí ó díjú, tí àṣìṣe kékeré kò sì gbọdọ̀ wọ̀, irú JWt yẹ fún un. Ìwé ìròyìn tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn yóò kà fún ìṣẹ́jú méjì tí wọn yóò sì lọ, irú rẹ̀ kò nílò iyè. Ìwé orí ògiri ti tó o.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti kọ̀ǹpútà. Irinṣẹ́ tí ó dára a máa gba iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ ẹni, ṣùgbọ́n kì í gba ìmọ̀ iṣẹ́ náà. JWt gba HTML, ó gba JavaScript, ó gba tálì, ó sì gba ìrántí kúrò lọ́wọ́ oníṣẹ́, ó ń ṣe wọ́n fún un. Oníṣẹ́ tí ó mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀ yóò ṣírò ẹrù wọn, yóò mọ ibi tí ó yẹ kí ó fi ohun iyebíye sí, iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì dúró. Ẹni tí ó rò pé nítorí òun kò rí wọn, wọn kò sí, òun ni ẹni tí ẹnu yóò yà lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀, tí iná bá sì lọ. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.